Ẹlẹ́rìí Kejì Tí Ìyàwó Mi Fi Pamọ́ Sára Ògiri

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí yìí, ìyàwó mi ló ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ, kì í ṣe èmi. Nígbà tó wà láyé, ó ní kí n má gbé e jáde. Ó ní ẹni tó tutọ́ sókè, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi gbà á. Ní báyìí ó ti sùn, kò sì ní í jí bá mi wí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ẹnjiníà ni. Kì í ṣe ti mọ́tò, ti ilé ni. Òun ní í sọ bí ìpìlẹ̀ yóò ti jìn tó àti bí irin yóò ti nípọn tó, kí ilé má baà wó lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé ilé tuntun, ṣùgbọ́n ilé àtijọ́ ni tirẹ̀. Bó bá rí ògiri tó ti darúgbó, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára bí ẹni ń kí ìyá rẹ̀. Àwọn bíríkìlà sọ ọ́ ní Ìyá Ògiri.

Ilé tiwa wá ńkọ́? Ògiri yàrá wa sán láti òkè dé ilẹ̀. Bí mo bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, màá ní, "Ìyá Ògiri, ilé ẹ ti ń lanu o!"

"Jẹ́ kó mí, jàre," ni yóò fi dá mi lóhùn. "Ògiri tó ń mí kì í pa èèyàn. Èyí tó bá dákẹ́ ni kó o bẹ̀rù."

Ọkùnrin kan ló kọ́ ọ níṣẹ́. Àgbà Ẹnjiníà ni gbogbo ayé ń pè é. Ìyàwó mi kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Bàbá mi" ló ń pè é. Bàbá tó bí i kú nígbà tó ṣì wà ní kékeré. Ọkùnrin yìí ló gbà á sí ọ́fíìsì rẹ̀, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí tábìlì ìyàwòrán títí iṣẹ́ náà fi wọ̀ ọ́ lára. Nígbà ìgbéyàwó wa, òun ló fa ọwọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

"Ọkọ ọmọ mi," ó ní, "òpó ilé mi ni mo fà fún ọ yìí. Má jẹ̀ẹ́ kó tẹ̀."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nínú ohun tó kọ́ ọ, ọ̀kan wà tí mo gbọ́dọ̀ là yé yín. Bí ògiri bá sán, ojú lásán kò lè sọ bóyá ó ṣì ń sán sí i tàbí ó ti dúró. Wọ́n á gé gíláàsì pẹlẹbẹ kan tó gùn tó ìka, wọ́n á fi dábùú ojú ibi tó sán, wọ́n á fi símẹ́ńtì dì í mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Gíláàsì kì í fà, kì í sì í tẹ̀. Bí ògiri bá rìn díẹ̀ báyìí, gíláàsì fọ́. Bí gíláàsì ò bá fọ́, ògiri ò rìn. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pè é.

"Ẹlẹ́rìí kan ò tó," ni Àgbà Ẹnjiníà máa ń sọ fún un. "Èyí tí ayé ń rí, ọmọ aráyé lè fọ́ ọ. Bọ́ọ̀lù lè bà á, èèyàn lè fi àkàbà gbá a. Máa fi èkejì síbi tí ojú ò tó. Má sì sọ ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sápò.

Ilé ìwé girama kan wà tí gbọ̀ngàn rẹ̀ dàgbà ju ẹnikẹ́ni tó wà láyé lágbègbè náà lọ. Ògiri amọ̀ ni, ó nípọn débi pé akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó sójú fèrèsé kó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ tán. Igi òrùlé rẹ̀, ìkán wò ó tì. Àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ ju kíláàsì lọ, ìgbìmọ̀ ilé ìwé sì fẹ́ kọ́ tuntun.

Àgbà Ẹnjiníà ya pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá kan. Bó bá máa dúró, gbọ̀ngàn gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Ìyàwó mi, tó ti dá dúró láyè ara rẹ̀ nígbà náà, ya tirẹ̀: kí gbọ̀ngàn di ilé ìkàwé, kí kíláàsì tuntun dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má ga jù ú lọ, bí ọmọ tó dúró ti ìyá. Pírínsípà, obìnrin tó kàwé nínú gbọ̀ngàn yẹn nígbà èwe rẹ̀, rí àwòrán náà, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu omijé.

Ìgbìmọ̀ mú ti ìyàwó mi. Wọ́n wá fi Àgbà Ẹnjiníà ṣe alábòójútó, kó máa fi ojú àgbà wo iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n wọ́n dá májẹ̀mú kan. Ìpìlẹ̀ tuntun yóò sún mọ́ ògiri àtijọ́ gidi, ògiri náà sì ti sán tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn pèpéle gbọ̀ngàn, láti òkè wálẹ̀. Bí àwọn ẹlẹ́rìí tí ìyàwó mi lẹ̀ mọ́ ara ògiri bá dúró títí wọn yóò fi gbẹ́lẹ̀ tán, gbọ̀ngàn yè. Bí wọ́n bá fọ́, kí wọ́n wó o kó tó wó lu ọmọ èèyàn. Ìyàwó mi ní òun gbà. Ó fi orúkọ rẹ̀ dúró fún ògiri yẹn, ẹnjiníà ò sì ní ohun mìíràn tó ju orúkọ lọ.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Àgbà Ẹnjiníà wá sílé wa. Ó jókòó sórí àga tó máa ń jókòó sí. Mo gbé omi fún un.

"Ọmọ mi, ṣé o ò ní jẹ́ ká jọ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn? Orúkọ tìrẹ ni màá fi ṣáájú."

"Gbọ̀ngàn wá ńkọ́, Bàbá mi?"

"Gbọ̀ngàn ti jẹ ayé tiẹ̀. Ta ló ń rántí ẹni tó ti ògiri kó má wó? Ẹni tó bá kọ́ tuntun ni wọ́n ń gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta."

Mo mọ ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Kí orúkọ ẹni ṣáájú orúkọ ọ̀gá ẹni, ta ni kò wù? Kò tíì kọ́ ilé tó ga tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ títí.

Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá mi, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ohun tó bá lè dúró, ká jẹ́ kó dúró."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Háà! Ẹnu mi ló kó bá mi." Ó mu omi rẹ̀ tán, ó gbàdúrà fún wa, ó lọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi ò jẹ́ kí wọ́n la kòtò náà gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á gbẹ́ apá kan, wọ́n á da kọnkéré sí i, á le, kí wọ́n tó ṣí apá mìíràn. Bó ṣe ń rìn láàárín kòtò pẹ̀lú akoto lórí ni àwọn bíríkìlà ń yọ ọ́ lẹ́nu: "Ìyá Ògiri, ẹ rọra o, kí ògiri má lọ jowú ọkọ yín!"

Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Àfi bí gíláàsì òkè ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ṣe fọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Kò pẹ́, ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tẹ̀ lé e.

Ìyàwó mi so irin wúwo mọ́ okùn, ó jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ láti òkè ògiri. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ògiri dúró gbọnrangandan bó ti wà tẹ́lẹ̀. Kí ló wá fọ́ gíláàsì?

"Màdáàmù," ni agbaṣẹ́ṣe, ọkùnrin tó gba iṣẹ́ ìkọ́lé náà, fi bú sẹ́rìn-ín, "ṣé okùn yẹn lẹ máa gbé lọ bá òbí àwọn ọmọ bí ògiri bá wó?"

Nígbà tí gíláàsì tó kẹ́yìn nínú àwọn tí ojú ń rí fọ́, ìgbìmọ̀ pè é. Àgbà Ẹnjiníà dìde níwájú gbogbo wọn, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ẹ má bínú sí ọmọ mi," ó ní. "Ọkàn ló fi ṣe ìṣirò rẹ̀, kò fi orí ṣe é. Ìfẹ́ ilé àtijọ́ ló ń dà á láàmú."

Àánú ni wọ́n pè é. Àbùkù ni.

Ìyàwó mi dé ilé, kò jẹun. Ó tẹ́ ìṣirò rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. "Àbí mi ò mọ iṣẹ́ yìí mọ́?" ló ń bi ara rẹ̀. "Àbí lóòótọ́ ni mo fẹ́ràn ògiri yẹn jù?"

Wáyà iná ni mò ń so, iléèwé girama ni mo sì dúró sí. Mi ò lè bá a ṣe ìṣirò. Ohun tí mo lè bi í ni mo bi í. Mo ní, "Èkejì ńkọ́?"

Ó gbójú sókè. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ẹ̀rù ń bà mí láti lọ wò ó. Bí òun náà bá ti fọ́, mo tán nìyẹn."

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," mo ní. "Dìde."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ lọ jẹun, a wọ gbọ̀ngàn. Ó gbé àkàbà sẹ́yìn pèpéle, níbi tí ògiri ti pàdé igi òrùlé, tí àdán ti yàgbẹ́ síbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Mo di àkàbà mú. Ó gùn ún.

Ó ké. Ó ní kí n máa bọ̀ wá wò ó.

Mo gùn ún, mo sì fi ojú ara mi rí i. Gíláàsì náà wà níbẹ̀ lódidi. Eruku bò ó, aláǹtakùn ti ta okùn sí i lára. Ojú ibi tó sán náà gan-an ló dábùú, lókè ibi tí àwọn tó fọ́ wà.

"Ògiri ò rìn!" Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kò rìn rárá! Ẹnìkan ló ń fọ́ wọn!"

"Ta ni?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Agbaṣẹ́ṣe ni. Iṣẹ́ ńlá ló ń wá."

"Jẹ́ ká pe pírínsípà kó wá rí i nísinsìnyí."

Ó mi orí. "Bàbá mi ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún. Ṣé kí n gba orí rẹ̀ kọjá lọ bá ìgbìmọ̀ ni, bí ẹni tí ò ní àgbà lẹ́yìn?"

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ ilé ló ṣi í lọ́nà.

Mo jókòó sínú ọkọ̀, ó wọlé lọ bá bàbá ní ọ́fíìsì. Bó ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi rèé: bàbá ń fi abẹ gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ẹ bá mi yọ̀, ògiri ò rìn!" Ó ròyìn ẹlẹ́rìí kejì. Bàbá dáwọ́ dúró. Ó dákẹ́. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ibo lo fi sí?"

Òun náà ló kọ́ ọ kó má sọ. Ó sọ fún un.

"O káre, ọmọ mi. Lọ sinmi. Màá kó gbogbo ìgbìmọ̀ wá síbẹ̀ lọ́la."

Ó jáde wá bá mi, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọ tó gba ẹ̀bùn. "Kí ló dé tó o fajú ro?" ó bi mí nígbà tó ròyìn tán. Mo ní kò sí. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mò ń rò: ògiri tó bá dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn pé sí gbọ̀ngàn: alága ìgbìmọ̀, pírínsípà, agbaṣẹ́ṣe, Àgbà Ẹnjiníà. Ìyàwó mi fi ìyangàn gun àkàbà. Mo rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lókè. Okùn aláǹtakùn tó já ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, àfọ́kù gíláàsì ló kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Màdáàmù," ni alága wí, "ó fọ́ àbí kò fọ́?"

"Ó fọ́, sà. Ṣùgbọ́n kò fọ́ lánàá."

"Ta ló rí i lánàá?"

"Èmi àti ọkọ mi."

Agbaṣẹ́ṣe pàtẹ́wọ́. "Ẹ wá gbọ́ ẹlẹ́rìí o! Ọkọ tí ò bá gbè sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ibo ló ti máa rí oúnjẹ jẹ?"

Ẹ̀rín ta. Àgbà Ẹnjiníà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bàtà ara rẹ̀ ló ń wò.

"Bàbá mi," ni ìyàwó mi wí, ohùn rẹ̀ kéré, "ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún."

"Ó ti rẹ̀ ọ́, ọmọ mi," ni bàbá dáhùn. "Ọkọ rẹ náà kúkú mọ ibẹ̀. Ṣé o ti bi òun?"

Ìyàwó mi yíjú wò mí. Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú akàn. Ṣùgbọ́n ó yíjú wò mí.

Mi ò bínú sí i rí nítorí ìyẹn. Ẹni tó rí ọ̀nà gbà kọjá sáàárín èmi àti ìyàwó mi ni mo bínú sí. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ògiri tiwa ò lanu. Àwa la ṣí ilẹ̀kùn fún aláǹgbá, tá a gbé omi fún un.

Wọ́n fẹnu kò pé kí gbọ̀ngàn wó, kí wọ́n sì kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgbà Ẹnjiníà síbẹ̀.

Bí àwọn yòókù ti ń jáde, ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó dí bàbá lọ́nà. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ni mo fi ṣe yín?"

Bàbá wo òkè, ó wo ilẹ̀. Kò jiyàn mọ́.

"Gbogbo ilé tí mo ṣiṣẹ́ sí láyé mi, ilé onílé ni mò ń tì kó má wó. Mo ti darúgbó. Mo fẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tó máa jẹ́ tèmi. Ìwọ ṣì lọ́jọ́ lójú, o máa rí òmíràn kọ́."

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi."

"Mo sọ fún ọ. Mo wá sílé rẹ, mo bẹ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi lo fi dá mi lóhùn."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá.

Lọ́jọ́ tí kátápílà dé, mo ní kí ìyàwó mi jókòó sílé. Ó ní ta ló ń bímọ tí kì í sin ín bó bá kú. A lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kún pápá. Wọ́n ti ká páànù òrùlé, wọ́n sì ti gé àwọn igi tó so orí ògiri pọ̀.

Kátápílà sáré, ó kọ lu ògiri.

Ògiri ò mira.

Ó padà sẹ́yìn, ó tún sáré. Eruku sọ. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ògiri ṣì wà níbẹ̀, kátápílà ló ń gbọ̀n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ hó yèè. "Ó kọ̀!" Gbogbo ìgbà tí irin bá ti kàn án, wọ́n á tún hó: "Ó kọ̀!" Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, igun kan péré ló ya.

Awakọ̀ kátápílà bọ́ sílẹ̀. Ó nu àágùn, ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ògiri, ó yíjú sí àwọn èèyàn ńlá tó wà lábẹ́ ibòji.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní ògiri yìí fẹ́ dá wó? Kó jáde wá fi èjìká tì í, ká wò ó!"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ ibòji, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Alága yí ọrùn díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ Àgbà Ẹnjiníà. Agbaṣẹ́ṣe náà wò ó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Háà, Bàbá," ló kàn lè sọ.

Pírínsípà ti sáré bọ́ sínú oòrùn. "Ẹ dá a dúró! Ẹ dá a dúró!"

Alága wá bá ìyàwó mi. Kò lè wò ó lójú. "Màdáàmù, ẹ má bínú. Ṣé a ṣì lè dá a padà?"

Ì bá ti dùn mọ́ ọn tó láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó rìn lọ síbi igun tó ya, ó wo inú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára.

"Rárá, sà. Ẹ ti tú orí rẹ̀, ẹ sì ti mì ín dénú. Bí òjò bá dé, ó lè wó lu ọmọ èèyàn." Ó yọ ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. "Ẹ parí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó jẹ̀rora."

Lẹ́yìn náà ló lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ bó ti máa ń kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àgbà Ẹnjiníà."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Bàbá na ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni ń wá ibi tó máa fara tì, ọwọ́ rẹ̀ ò bá nǹkan kan.

Ìgbìmọ̀ gba pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bẹ ìyàwó mi, ó sì kọ́ kíláàsì tuntun fún wọn. Ó dára, afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ọ́, ọmọ ń kàwé nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rí i kó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára.

Nígbà tí àìsàn mú ìyàwó mi lọ, bàbá wá kí mi. Ó jókòó sórí àga yẹn. Mo gbé omi fún un. Kò mu ún.

"Ọkọ ọmọ mi, ṣé ó dárí jì mí?"

Mo ní kò sọ fún mi. Òótọ́ ni mo sọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ìyàwó mi ò kábàámọ̀ ìkúnlẹ̀ kan tó kúnlẹ̀ fún ọkùnrin yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó kọ́ yín níṣẹ́ bá ní kẹ́ ẹ má sọ fún òun, ẹ má sọ fún òun. Ó mọ ara rẹ̀ jù yín lọ.

Mo bá gíláàsì pẹlẹbẹ mélòó kan tó ṣẹ́ kù nínú báàgì iṣẹ́ rẹ̀. Mo po símẹ́ńtì díẹ̀, mo fi ọ̀kan dábùú ibi tí ògiri yàrá wa ti sán, lójú ọ̀nà gbangba tí àlejò ti lè rí i. Títí di òní, kò tíì fọ́.

Ẹ má bi mí ibi tí èkejì wà.